Ẹlẹ́dẹ̀ Wé Ọ̀já

Kí ìwé ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ ilé Ògúndìran, kò sí ọmọdé kan ní Àgọ́-Ọ̀pẹ tí í gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá bí ó bá lè gba ẹ̀yìnkùlé. Ọdẹ ni bàbá náà nígbà èwe, àgbẹ̀ àgbàdo àti ẹ̀pà ló wá dà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ igbó. Ojú rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn aládùúgbò bá a sunkún títí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń padà sílé ni wọ́n ń sọ fún ara wọn pé kì í ṣe àìsàn ló pa obìnrin náà, ó kàn lọ wá ibi tí yóò ti rí ìsinmi ni.

Abúlé náà wà lórí ilẹ̀ pupa ní ìhà Odomèta, níbi tí Ọlọ́run ti fún àwọn ènìyàn ní àgbàdo, ẹ̀pà, epo pupa àti ọ̀rọ̀ ẹnu, tó wá gbàgbé omi. Kò sí odò. Bí ènìyàn bá ju òkúta sínú kànga ibẹ̀, ó lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán kí ó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira ni wọ́n kọ́ àmù sìmẹ́ǹtì ńlá kan sí àárín abúlé láti máa gba omi òjò. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin sí i, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé olórí abúlé lọ́wọ́.

Théophile ni olórí abúlé, Ṣẹ́fù ni wọ́n ń pè é. Ó ti kàwé díẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ó gbọ́ Faransé, ó sì ní ikùn kan tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi tó bá ń lọ. Wọ́n fún un ní ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta kan tí àwọn olórí máa ń so mọ́ra lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ojoojúmọ́ ni Théophile ń so tirẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó ń so ó lọ sí ṣáláńgá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, agbá omi tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà ti àwọn ìyàwó rẹ̀, kí àwọn obìnrin yòókù tó gbé igbá dé ẹnu àmù. Bí ó bá ti sùn gbàgbé, kò sí ẹni tí yóò rí omi bọ́jú. Òun àti Ògúndìran jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n jọ ṣeré, wọ́n jọ jìjàkadì, láti ọjọ́ tí Ògúndìran sì ti dá a lulẹ̀ níwájú àwọn wúńdíá ni ọ̀rẹ́ wọn ti di ti ojú ayé.

Ọdún kẹta òmìnira, nígbà tí òjò ń rọ̀, ni Honorine, ọmọbìnrin Ògúndìran tí ń ṣe agbẹ̀bí ní Kétu, kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá bá a. Wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní òkè àríwá, àwọn aboyún Kétu kì í sì í béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó rọbí. Ayọ̀dèjì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Odile àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà wọ́n o.”

“Èmi? Ìgbà wo ni mo na ènìyàn rí?”

Ẹ̀yìn Honorine kò tíì gbàgbé ní tirẹ̀. Ó kí bàbá rẹ̀ pé ó dìgbà, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí Kétu.

Nínú àpò tó kó aṣọ àwọn ọmọ sí ni ìwé kan wà. Dókítà obìnrin òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un. Ìwé náà fẹ̀ bí atẹ ẹlẹ́pà, ẹ̀yìn rẹ̀ le, àwòrán ló kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ju ìlà mélòó kan lọ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹranko ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ènìyàn ni wọ́n wọ̀.

Bí oòrùn ti ń wọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni Odile bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá rẹ̀. Ògúndìran wò ó. Ìwò yẹn ti lé ajá sẹ́yìn rí, ṣùgbọ́n Odile kì í ṣe ajá, ńṣe ló túbọ̀ fi ohùn sí i. Bàbá fún un ní ẹ̀pà sísè. Ó jẹ ẹ́, ó sì ń sunkún lọ. Bàbá pariwo mọ́ ọn. Ayọ̀dèjì náà bá dá sí i. Nígbà tó yá, ọmọdébìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó wọ́ ìwé náà jáde láti inú àpò, ó gun itan bàbá àgbà jókòó láìtọrọ àyè, ó sì gbé ìwé lé e lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ kà á.”

“N ò mọ̀wé kà.”

“Ẹ ṣáà ṣí i.”

Ó jọ pé lójú tirẹ̀, ìwé kíkà kò ju ṣíṣí lọ. Ògúndìran ṣí i nítorí kí etí òun lè sinmi. Ohun tó rí níbẹ̀ jẹ́ kó sún mọ́ àtùpà.

Ẹlẹ́dẹ̀ kan ló dúró níbẹ̀. Ó dé fìlà dúdú gíga, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń fi ìka méjì péré kí àwọn ewúrẹ́ tó to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó so ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ ikùn, ọ̀já náà sì le pinpin bí okùn tí a fi di ẹrù igi. Ògúndìran mọ ikùn yẹn. Ó mọ ìrìn yẹn. Bó ṣe di pé ẹnu rẹ̀ là, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ:

“Ẹlẹ́dẹ̀ wé ọ̀já,
Ọ̀já fẹ́ẹ́ já;
Ó yan wọ ọjà,
Ó ní kí gbogbo ewúrẹ́ wá jà!”

Ẹkún Odile dáwọ́ dúró lójijì. Ó wo àwòrán, ó wo ẹnu bàbá rẹ̀ àgbà, ó tún wo àwòrán. “Ọ̀já fẹ́ẹ́ já,” ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣí òmíràn.”

Nínú òmíràn, ẹlẹ́dẹ̀ ti bọ́ sínú ọpọ́n ńlá kan tí omi kún dé ẹnu, ó ń wẹ̀. Ògúndìran gbàgbé pé òun ń kàwé. Inú bí i.

“Ẹ wo omi! Ẹ wo bó ṣe ń dà á sílẹ̀! Omi tí ilé kan yóò mu fún ọ̀sẹ̀ kan!”

“Ṣé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn?” Ayọ̀dèjì béèrè. Ó ti rá kòrò wá jókòó lápá kejì.

“Rárá,” ni bàbá wí. Ó wúkọ́, ó sì fi ìka tọ àwọn ìlà kéékèèké náà bí ẹni ń tọpa èèrà:

“Ó bọ́ ṣòkòtò,
Ó bọ́ sí kòtò;
Omi gbogbo ìlú
Ló fi ń wẹ ìdí tó rí bí ìlù!”

Ewé kẹta ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi ń yọ ìfófòó lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀ náà, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì ń fò jáde kúrò nínú ọpọ́n pẹ̀lú ojú tó ràn. Ohun tó fa ìfófòó náà, ọkàn ọmọdé àti ti àgbà kò lè ṣe méjì lórí rẹ̀.

“Ó só, omi ń hó,
Ọ̀pọ̀lọ́ fò, ó ní: ‘Ó tó!’”

Ayọ̀dèjì yí gbiri lórí ẹní. Odile rẹ́rìn-ín títí ó fi ń ṣe èsúkè, ikùn rẹ̀ kékeré ń gbọ̀n mọ́ apá bàbá àgbà, Ògúndìran sì rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi tí í mú ìhà ro ni. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Kò sí ẹni tó rí i.

Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Kò mọ ọmọdé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Odile fi gbé ìwé dé. Nígbà tí bàbá sì kà á pé “Ó yan lọ sọ́jà,” Ayọ̀dèjì gbé orí sókè.

“Kò sí níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni kò sí níbẹ̀?”

“‘Ó yan wọ ọjà’ ló wà níbẹ̀. Lánàá, bẹ́ẹ̀ lẹ kà á. Ẹ wò ó dáadáa.”

Ògúndìran, tí kò gbà rí láyé rẹ̀ pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tẹ orí ba, ó fi ojú sún mọ́ àwọn kíkọ náà, ó wò wọ́n láti ọ̀tún, ó wò wọ́n láti òsì.

“Òótọ́ ni,” ló wí. “Ojú mi ló fò ó.”

Láti ọjọ́ yẹn, lóko, bí ó ti ń ro ẹ̀pà, ni bàbá náà ń ka ẹsẹ ìwé lábẹ́ èémí, kí ó má baà ṣìnà tó bá dé iwájú àwọn adájọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ tó dùn, yóò fi ọkọ́ lélẹ̀ yóò máa dá rẹ́rìn-ín láàrin ebè. Àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà ní ọjọ́ ogbó ti dé sí i.

Nígbà tí Honorine wá wò wọ́n, àwọn ọmọ kọ́kọ́ ké ẹsẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà fún un láti orí, Odile sì sáré gbé ìwé fún un. Honorine ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Faransé, ohùn rẹ̀ dára, ó ń lọ geerege. Ó ka ìlà kìíní, ó ka ìlà kejì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.

“Bàbá,” ló wí nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ, “ta ló sọ orúkọ ẹlẹ́dẹ̀ yìí fún yín?”

“Ó lórúkọ ni?”

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìwé yìí jáde nílé o.”

Ó fẹ́ máa kà á lọ, ṣùgbọ́n Odile ti gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àánú. “Ìyá, ẹ ò mọ̀ ọ́n kà,” ló wí. “Bàbá ló mọ̀ ọ́n kà.”

Kí ìwé má jáde nílé, ìyẹn ṣe é ṣe. Ẹnu ọmọdé ńkọ́? Kò pẹ́ tí iwájú ilé Ògúndìran, tí kò sí ọmọdé tí ń gbà á kọjá tẹ́lẹ̀, fi di ibi tí wọ́n ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ bí adìẹ tó fẹ́ wọlé. Èyí tí ẹ̀rín rẹ̀ lọ sókè jù nínú wọn ni Madeleine, ọmọ Théophile tó kéré jù, ẹlẹgbẹ́ Odile. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ náà jọ. Lójú tiwọn, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àwọn ìyá wọn ló mọ̀. Lẹ́nu àmù sìmẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń retí kọ́kọ́rọ́, obìnrin kan yóò ṣàdéédéé wí pé, “Omi gbogbo ìlú…” àwọn yòókù yóò sì fi etí ìró bo ẹnu.

Ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira pé. Gbogbo abúlé péjọ sí pápá. Théophile wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó so ọ̀já rẹ̀ mọ́ ikùn, ó gun orí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Faransé. Àwọn ènìyàn fi ara balẹ̀ bí ẹni gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo, ó fa èémí sínú kí ohùn rẹ̀ lè dún. Ikùn wú. Kókó ọ̀já náà tú, ọ̀já bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì sáré fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

Iwájú pátápátá ni Madeleine wà. Inú rẹ̀ dùn, bí inú ọmọdé ti máa ń dùn tó bá rí ohun tó mọ̀.

“Ẹlẹ́dẹ̀ wé ọ̀já!” ló ké.

“Ọ̀já fẹ́ẹ́ já!” ni gbogbo ọmọdé Àgọ́-Ọ̀pẹ gbè é.

Kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró. Ọmọdé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, ó gbọ́dọ̀ kà á tán. Wọ́n wọ ọjà, wọ́n bọ́ ṣòkòtò, wọ́n dé ìdí tó rí bí ìlù. Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀, àwọn obìnrin ń jẹ etí ìró wọn. Nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí omi ti ń hó, tí gbogbo wọn fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ké pé “Ó tó!”, baba arúgbó kan tí kò rìn láìtẹ̀pá láti ọdún tó kọjá rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjọ̀dún parí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Théophile pe gbogbo àgbà sí abẹ́ igi odán. Ó ní kí Ògúndìran wá, kó sì mú ìwé rẹ̀ dání. Ògúndìran wá, Ayọ̀dèjì àti Odile ń tẹ̀ lé e. Kò tíì jókòó tí Théophile fi na ìka sí i.

“Ìwọ lo pa òwe mọ́ mi, tí o fi kọ́ àwọn ọmọdé.”

“Èmi? Ohun tí òyìnbó kọ ni mo kà.”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀wé kà?”

“Láti ìgbà òmìnira,” ni Ògúndìran wí. “Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé ohun gbogbo ti yí padà?”

Àwọn kan wúkọ́. Théophile gba ìwé náà. Ó fa awò ojú rẹ̀ yọ láti àpò kóòtù, ó nù ún, ó gbé e sójú, ó sì yíjú sí àwọn àgbà. “Ẹ fetí sílẹ̀,” ló wí. “Èmi tí mo lọ sí Àjàṣẹ́, mo fẹ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ gan-an fún yín, kí ẹ lè mọ irú òpùrọ́ tó ń bẹ láàrin wa.”

Ó ṣí i. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó tún wò ó. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀.

“Ẹ kà á ká gbọ́, Ṣẹ́fù,” ni àwọn ènìyàn wí.

“Kíkọ rẹ̀ kéré jù.”

Sàláwù aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti bá àwọn Faransé ja ogun ní ìlú òkèèrè, ọwọ́ àwọn ọ̀gá sójà ló sì ti kọ́ èdè wọn, ìyẹn ni kò ṣe mọ bí wọ́n ti ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó na ọrùn, ó sì fi ohùn ọ̀gá sójà ké e jáde:

“*Monsieur Théophile,
maire de la ville,
prend son bain tranquille!*”

Àwọn àgbà yíjú síra wọn.

“Kí ló wí?” ni ẹnìkan béèrè.

“Ó ní,” Sàláwù dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, “ó ní Ọ̀gbẹ́ni Théophile, olórí ìlú, ó ń wẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú ọpọ́n rẹ̀.”

Kò sí ẹni tí ẹnu yà tó Ògúndìran. Gbogbo bí ó ti ń ka ìwé náà látọjọ́ yìí, ó ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ gidigidi kí orúkọ ẹnikẹ́ni má yọ níbẹ̀. “Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀?” ló béèrè, ojú rẹ̀ là kedere. “Lóòótọ́? Láti ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún?” Ìyẹn ló tú àwọn àgbà sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní bàbá tí yóò bá a wí. Wọ́n di ara wọn mú. Ẹnìkan ń wí pé òkìkí Ṣẹ́fù ti kọjá òkun, a ò sì mọ̀.

Théophile fi ìwé sábẹ́ abíyá. “Mo gbẹ́sẹ̀ lé e,” ló wí, ó sì lọ sílé, ọ̀já rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọmọdé kò rẹ́rìn-ín. Odile tẹ̀ lé Ṣẹ́fù títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́, Ògúndìran pa àlọ́ ìjàpá fún wọn. Odile gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní, “Àwòrán rẹ̀ dà?” Kò sí àwòrán. Ayọ̀dèjì ní kí wọ́n ṣáà ka ìwé náà láìsí ìwé, wọ́n sì gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka bàbá kò rí ibi tọ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé òun ń la àtẹ́lẹwọ́ òun méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni di nǹkan mú. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó dùn ún. Ó bá àwọn ọmọ náà jà nítorí ohun tí kò tó nǹkan, ó sì tètè lọ sùn.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ògúndìran ń pa ẹ̀pà lójúde. Ó gbé ojú sókè, ó rí Théophile tó ń bọ̀ láìso ọ̀já. Ìwé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, Madeleine dì í lọ́wọ́ mú, ojú ọmọ náà wú fún ẹkún. Ojú bàbá rẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

“O kú ọ̀sán,” ni Théophile wí.

“O kú ọ̀sán.”

Ògúndìran ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Nígbà tó pẹ́, Théophile wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

“Kí ló tẹ̀ lé ‘ó bọ́ sí kòtò’?”

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ Ògúndìran. “Kí lo wí?”

“O gbọ́ mi. Ọmọ yìí ló rí ìwé lórí àpótí mi. Mo kà á fún un ní Faransé, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ oúnjẹ. Ó ń rìn káàkiri ilé, ó ń sọ fún àwọn ìyàwó mi pé bàbá òun kò mọ̀wé kà.” Ó fi ọwọ́ lu àyà. “Èmi, Ògúndìran! Èmi tí mo lọ sí Àjàṣẹ́!”

Ọ̀rọ̀ tí Ògúndìran fẹ́ fèsì pọ̀ débi pé wọ́n dí ara wọn lọ́nà ní ọ̀fun rẹ̀. Ó wo Madeleine. Ọmọ náà ti ń wo ìwé bí ẹni ebi ń pa.

“Jókòó,” ló wí. Ó tẹ́ ẹní. “Odile! Ayọ̀dèjì! Ẹ wá o, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé.”

Wọ́n to ara wọn yí ìwé náà ká. Théophile ka ọ̀já láìsí wàhálà. Ó jọ pé ó ti ń tì í lẹ́yìn ahọ́n láti ọjọ́ àjọ̀dún. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó bọ́ sí kòtò. Ó wá dúró.

“Omi inú odò,” ló wí jẹ́ẹ́, “ló fi ń…”

“Rárá!” ni àwọn ọmọdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ké.

“Ẹ gbọ́, ó kúkú dára bẹ́ẹ̀.”

“Kò sí odò níbẹ̀, Bàbá,” Madeleine wí, ó sì fi ìka kékeré gbá àwòrán náà. “‘Omi gbogbo ìlú.’ Ẹ kà á dáadáa.”

Théophile wo Ògúndìran. Ògúndìran, tí ẹnu rẹ̀ kò gbé jẹ́ẹ́ rí, wo àwọn ẹ̀pà rẹ̀.

“Omi gbogbo ìlú,” ni Théophile wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

“Ẹ sọ̀rọ̀ sókè.”

“Omi gbogbo ìlú, ló fi ń wẹ ìdí tó rí bí ìlù!”

Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ewé kẹta kò wá fún un ní wàhálà rárá. Ó fa afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sì tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ìró tí Ògúndìran, ní gbogbo bí ó ti ń kà á, kò lè dá rí. Odile ṣubú sẹ́yìn. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ó tún un ṣe, wọ́n ní kó tún un ṣe. Ojú Ṣẹ́fù ń tàn bí ti ọkọ ìyàwó. Ara Ògúndìran kò gbà á. Ó na ọwọ́ láti ṣí ewé mìíràn.

Igún kan ló wà níbẹ̀, orí rẹ̀ pá borokoto, ó ń fa ìkòkò tábà, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Ògúndìran ti máa ń sáré ṣí ibẹ̀ kọjá. Théophile fi ọwọ́ tẹ ewé náà mọ́lẹ̀. Ó wo igún. Ó wo orí Ògúndìran. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú adùn:

“Igún orí pípá
Ní ẹkùn lòun fẹ́ pa;
Ó dégbó, ó rí ọ̀pá,
Ó sá bí ẹni wọ́n ń lé pa!”

Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló mọ ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà. Nígbà tí Ògúndìran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọdẹ, ó sáré wọ abúlé ní ìhòòhò, ó ní ejò ń lé òun. Àwọn tó lọ wò ó bá ọ̀pá gbígbẹ kan tó há sínú aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ti dárúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

“Kò sí níbẹ̀!” ni Ògúndìran ké. “Ìyẹn kò sí níbẹ̀ rárá!”

“Ṣé o mọ̀wé kà ni?” ni Théophile béèrè.

Àwọn ọmọdé ti rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ti gbà á wọ inú ìwé. “Ẹ tún un kà,” ni Odile wí, ọmọ ọmọ Ògúndìran gan-an, ọ̀dàlẹ̀. Théophile tún un kà. Nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rín gba ẹnu Ògúndìran lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà sínú irùngbọ̀n rẹ̀. “Ní ìhòòhò,” ló ń wí, “ọ̀pá lásán, ní ìhòòhò!” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sì ń gbá a lẹ́yìn kí ẹ̀rín má baà fún un pa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kọ́kọ́rọ́ àmù fi kúrò lọ́wọ́ Ṣẹ́fù, ó bọ́ sọ́wọ́ Sidonie, ìyá àgbà kan tí kì í sùn gbàgbé. Àwọn kan ní ojú ló ti Ṣẹ́fù. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ wí fún ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, ó pẹ́ ni, ó yá ni, yóò wọ̀ ọ́ lára. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ní àárẹ̀ àìsùn lásán ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, agbá rẹ̀ tó tóbi jù lọ ṣì ń kún ṣáájú ti ẹlòmíràn. Sidonie náà ní ẹni tó ń bẹ̀rù.

Nígbà tí Honorine wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Kétu kí ilé ìwé tó wọlé, Odile fẹ́ gbé ìwé náà lọ. Wọ́n jọ jíròrò rẹ̀ gan-an. Ó wá gbà nígbẹ̀yìn pé kí ìwé dúró, nítorí Madeleine kò tíì mọ̀ ọ́n tán, bàbá òun àgbà náà sì nílò ohun tí yóò máa ṣe. Ògúndìran gbé ọmọ náà sórí kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró sójú ọ̀nà pupa náà títí eruku fi rọlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Théophile mú Madeleine wá. Ọmọ náà jókòó sí àárín àwọn bàbá méjèèjì, ó sì ṣí ewé kan tí wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kà rí. Ìkookò kan ló wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ ìjọba, ó ní bọ́tìnnì wúrà, ó gbé àpò aláwọ kọ́ apá, ó sì ń kan ìlẹ̀kùn ilé àgùntàn kan, ó ṣí eyín sílẹ̀ fún ẹ̀rín.

Àwọn bàbá méjèèjì tẹ̀ síwájú wò ó.

“Agbowó-orí,” ni Ògúndìran wí.

“Agbowó-orí,” ni Théophile náà wí, ní àkókò kan náà.

“Ẹ kà á,” ni Madeleine wí.

Théophile dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ọ̀nà Kétu sókè, ó wò ó sísàlẹ̀, ó sì padà wá jókòó.

“Bẹ̀rẹ̀,” ló wí fún Ògúndìran. “N óò gbè é.”